Ọmọ Tí Kò Jẹ́ Kí A Gbé Òun

Àwọn obìnrin Òkè-Amọ̀ kì í dáko. Amọ̀ ni wọ́n ń wà létí odò, ìkòkò ni wọ́n ń mọ, òun náà ni wọ́n sì ń tà jẹun. Àwẹ̀ró wà lára wọn, iṣẹ́ náà sì yé e dáadáa. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí ó tó bímọ fún un, ó sì ti padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀, níbi tí ó ti ń gbé jẹ́ẹ́. Moróunkẹ́, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Láwuyì ní abúlé Ìgbó-Ọ̀pẹ. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ó bí ọmọbìnrin rẹ̀ sí nígbà tí ó ń ti oko bọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọmọ náà ní Abíọ́nà.

Abíọ́nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kiri ilé ni àìsàn kọlu ìyá rẹ̀. Kò pẹ́ tí Moróunkẹ́ fi kú. Láwuyì tọ́jú ọmọ náà títí apá rẹ̀ kò fi ká a mọ́, nítorí oko kò ṣeé fi sílẹ̀. Ni ó bá gbé e wá sí Òkè-Amọ̀, ó ní ìyá kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyá wà. Àwẹ̀ró sunkún, ó sì yọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì láti gba ọmọ àbúrò rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan ọmọ náà ni gbogbo ara ọmọ le gbagidi bí igi. Ó figbe ta, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n gbé e sílẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n tún gbé e, igbe tún bẹ̀rẹ̀. Láwuyì wá ṣàlàyé pé láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ ni ó ti rí bẹ́ẹ̀, pé lójú oorun ni òun gbé e débẹ̀. Ó dágbére, ó sì lọ. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wo ẹ̀yìn bàbá rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wá ń wọlé láti agbo ilé gbogbo. Ẹnìkan ní ebi ni, kí Àwẹ̀ró po oyin mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún un. Ẹlòmíràn ní agídí ni, kí ó pọ̀n ọ́n tipátipá, bó pẹ́ bó yá yóò sú u. Ìyá Ìdòwú, ìyá àgbà tí ilé rẹ̀ kángun sí ti Àwẹ̀ró, ti tọ́ ọmọ-ọmọ púpọ̀. Òun ní ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà kò tíì rí gbà: àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pe orúkọ nǹkan, wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

Àwẹ̀ró gbọ́ ti gbogbo wọn. Ó ṣe ti eléyìí lónìí, ó ṣe ti tọ̀hún lọ́la. Láràárọ̀ ni ó ń fi ọmọ náà jókòó síwájú ara rẹ̀ pé, “Sọ pé omi. Sọ pé iná.” Yóò di àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú, yóò fi wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí àgbà bá ń kọjá, yóò tẹ eékún rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ kò pe omi, kò pe iná, ilẹ̀ ni ó ń wò. Nígbà tó yá, bí ó bá ti gbọ́ ohùn Àwẹ̀ró láàárọ̀, ẹ̀yìn ìṣà omi ńlá kan ni ó ń sá lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Àwẹ̀ró rárá. Bí amọ̀ bá rọ̀ jù, ó mọ̀ pé yanrìn ni yóò fi kún un. Bí ó bá le jù, omi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò fẹ́ oyin, tí kò fẹ́ ẹ̀yìn, tí kò fẹ́ ẹ̀kọ́, kí ni ènìyàn fẹ́ fi kún tirẹ̀? Nígbà mìíràn yóò rò pé bóyá ọmọ náà mọ̀ pé òun kò bímọ rí. Nígbà mìíràn, yóò ní bóyá ojú òun jọ ti Moróunkẹ́ jù ni, tàbí kò jọ ọ́ tó.

Àárín ìgbà òjò ni Àjíkẹ́, ẹ̀gbọ́n Láwuyì, wá wo ọmọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó di ẹja gbígbẹ wá fún Àwẹ̀ró, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ọmọ tí ó ti rù, tí kò dáhùn, tí ó ń fara pamọ́, ó mí kanlẹ̀.

“Àwẹ̀ró, n kò sọ pé o kò gbìyànjú,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò sọ̀rọ̀, kò sì jẹ́ kí a gbé òun. Bí iṣu tuntun bá jáde tí kò bá yàtọ̀, màá mú un lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan nílùú ọkọ mi. Obìnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Lọ́dọ̀ tirẹ̀, ọmọ kì í wolẹ̀ tí a bá ń bá a sọ̀rọ̀.”

Àwẹ̀ró sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ilé bàbá ló ni ọmọ, ta ni yóò sì sọ pé irọ́ ni Àjíkẹ́ pa?

Lẹ́yìn tí àlejò lọ, ó tún tẹra mọ́ ẹ̀kọ́. Ó pe omi, ó pe iná, ó pe ewúrẹ́, ó pe adìẹ, títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi ń dùn ún. Nǹkan ń burú sí i ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò pe ohunkóhun. Ó gbé oúnjẹ ọmọ sílẹ̀, ó lọ sábẹ́ àtíbàbà tí ó ti ń mọ ìkòkò, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i. Kì í ṣe ọgbọ́n ni ó fi ṣe é. Ó ti rẹ̀ ẹ́, àwọn oníbàárà sì ń retí ìkòkò.

Ó ń ṣiṣẹ́ lọ ni ó gbọ́ ìró omi lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Abíọ́nà tí ó ti ki ọwọ́ bọ inú agbada omi tí ó fi ń po amọ̀. Inú Àwẹ̀ró dùn. Ó bu amọ̀ díẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ní, “Wò ó, báyìí la ṣe ń yí i.” Ọwọ́ ọmọ náà le lẹ́ẹ̀kan náà. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sì padà sẹ́yìn ìṣà.

Àwẹ̀ró jókòó síbẹ̀ tòun ti amọ̀ lọ́wọ́. Kí ni òun tún ṣe? Ṣé ọwọ́ òun ni ó burú ni?

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rù kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró fọwọ́ kan an. Abíọ́nà fa amọ̀ ya, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó sì tu ú dànù pẹ̀lú ojú tí ó fà ro. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àwẹ̀ró láìmọ̀. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò ó. Láti ọjọ́ tí ó ti dé, kò tíì wò ó lójú bẹ́ẹ̀ rí.

Bí ó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Abíọ́nà yóò kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú àpáàdì, yóò dà á sílẹ̀, yóò tún kó o padà. Lórí èyí nìkan, oòrùn lè kan àtàrí. Ọwọ́ Àwẹ̀ró a máa yún un láti fi bí ó ṣe yẹ hàn án, ṣùgbọ́n yóò ki ọwọ́ náà bọ inú amọ̀. Bí ọmọ náà bá nàka sí ohun kan, yóò sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Bí kò bá nàka, yóò dákẹ́.

Ìyá Ìdòwú kò fara mọ́ ọn. Ó ní Àwẹ̀ró ti ju ọmọ sílẹ̀ bí ọmọ ewúrẹ́, pé ta ni yóò kọ́ ọ nígbà tí ẹni tó gbà á tọ́ kò kọ́ ọ.

“Ìyá mi, èmi náà kò mọ̀,” ni Àwẹ̀ró fi dá a lóhùn. “Ohun tí mo rí ni pé bí mo bá nawọ́, ó ń sá. Bí n kò bá nawọ́, ó ń sún mọ́ mi. N kò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ìyẹn.”

Ìyá Ìdòwú mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìkòkò orù tútù kan yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀. Ohùn kékeré kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Ó bàjẹ́.” Àwẹ̀ró kò kọ́kọ́ mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Gbogbo omi àti iná tí ó fi ń ha ara rẹ̀ lọ́fun, ọmọ kò pe ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ni ó fi ṣí ẹnu. Ó jókòó ti orù tó bàjẹ́, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún.

Síbẹ̀, kò jẹ́ kí a gbé òun. Iṣu tuntun sì jáde.

Ọjọ́ tí Àjíkẹ́ dé, Láwuyì tẹ̀ lé e. Àwẹ̀ró wà lábẹ́ àtíbàbà, amọ̀ dé ìgúnpá rẹ̀. Ó sọ fún wọn pé ọmọ ti ń jẹun, pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan. Àjíkẹ́ pe Abíọ́nà, ó na ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n sí i. Abíọ́nà kò dáhùn. Àjíkẹ́ wá wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé àdéhùn ni àdéhùn, kí Àwẹ̀ró kó ẹrù ọmọ. Ó tẹ́ ìró lé ẹ̀yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ọmọ náà.

Igbe náà mú kí àwọn obìnrin jáde láti ilé wọn. Abíọ́nà le gbagidi bí ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ń yí, ó ń ta ẹsẹ̀, títí Láwuyì fi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná.” Àjíkẹ́ gbé e sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ náà dúró láàárín agbo ilé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwẹ̀ró fẹ́ sáré lọ bá a. Ó fẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá nawọ́ tí ó sì sá lójú gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò mọ èyí tí òun ìbá ṣe, nítorí náà, kò ṣe ọ̀kankan. Ó jókòó síbẹ̀, ó gbé ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ lé itan.

Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọjá lára bàbá rẹ̀, ó kọjá lára Ìyá Ìdòwú, ó wá dúró gangan níwájú Àwẹ̀ró. Ó ṣí apá rẹ̀ méjèèjì sókè.

Àwẹ̀ró wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan. “Kí lo fẹ́?” ni ó bi í. “Amọ̀ ni? Àbí omi?” Ọmọ náà kò yéé wò ó, apá rẹ̀ sì ṣí síbẹ̀.

Láwuyì ni ó sọ ọ́ fún un. “Ìyá Abíọ́nà, ó ní kí ẹ gbé òun.”

Àwẹ̀ró gbé e, tòun ti ẹrẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ara ọmọ náà kò le. Ó gbé orí lé e léjìká, ó sì fi ọwọ́ kékeré di aṣọ rẹ̀ mú. Àjíkẹ́ tú ìró tí ó tẹ́ lé ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn Àwẹ̀ró, ó ní, “Bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, jẹ́ kí n bá ọ pọ̀n ọ́n.” Òun àti Láwuyì nìkan ni wọ́n padà lọ.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó bi Àwẹ̀ró léèrè ohun tí ó fi fa ọmọ náà mọ́ra. Títí ó fi di arúgbó, èsì kan náà ni ó ń fún wọn: òun kò mọ̀, ọmọ náà ló mọ̀. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò sì bi í léèrè mọ́. Bí wọ́n bá rí ẹni tó ń fipá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, tàbí ẹni tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí kò sì fi hàn, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ń sọ. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi kúrò ní ọ̀rọ̀ Òkè-Amọ̀, tí àwọn àgbà ibi gbogbo fi sọ ọ́ di òwe pé: ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé.