Bí Ọwọ́ Ṣe Pé Lára Ògiri Agbélókè

Òkè kì í bá ẹni tó ń kánjú ṣeré,
Àtẹ̀gùn kò mọ ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn,
Ọ̀nà tó yí ká ló ń mú tọmọdé tàgbà délé,

àwọn awo mẹ́ta wọ̀nyí ló gbé ọ̀rọ̀ Ifá kalẹ̀ fún Alágbélókè, ọba orí àpáta, níjọ́ tí ọjà rẹ̀ ń tú lójú rẹ̀ kòrókòró, tí ó ń fi etí aṣọ nu omijé láàárín àwọn ìjòyè. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí à ń sáré gbọ́.

Ìlú kékeré kan ni Agbélókè. Orí àpáta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ààfin, ọjà àti ilé ẹbọ wà lókè. Ilé àwọn ará ìlú pọ̀ nísàlẹ̀, létí odò. Ohun tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ ni àtẹ̀gùn mọ́kànlélọ́gọ́rin tí bàbá ọba gbẹ́ sára àpáta. Bí ènìyàn bá gùn ún tán, igi ìrókò kan tún dábùú ẹnu ọ̀nà ilé ẹbọ, ó ga dé orúnkún. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Àtẹ̀gùn yìí ni ìlú fi ń yangàn. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní kó wá wo àtẹ̀gùn. Wọn kì í bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọba fẹ́ràn àtẹ̀gùn náà bí ènìyàn ṣe ń fẹ́ràn àkọ́bí ọmọ. Láràárọ̀ ló ń ní kí wọ́n gbá a. Ẹni tó bá gùn ún dókè tí kò mí gúlegúle, ọba á ní, "Ọmọ Agbélókè ni ọ́ lóòótọ́." Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti di èémí mú nítorí oríyìn yìí, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú.

Àmọ́ ọjà ń tú. Òfin ìlú sì le: ọba tí ọjà bá tú mọ́ lórí fún ọdún mẹ́ta léra wọn, adé á kúrò lórí rẹ̀, ẹlòmíràn á dé e. Ọdún kìíní, ọjà kò kún. Ọdún kejì, ajá ló ń sùn níbi tí àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ti ń pàtẹ. Ọdún kẹta ti wá ku oṣù mẹ́ta péré. Ọba kò rí oorun sùn mọ́, oúnjẹ sì ń korò lẹ́nu rẹ̀. Ó gba ilé àwọn awo lọ.

Wọ́n ní ire ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kó rúbọ. Ewúrẹ́ kan, ẹyẹlé méjì, obì, àti ẹfun igbá kan. Wọ́n ní kó po ẹfun náà sómi, kí gbogbo ọmọ ìlú ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí kálukú wá fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tẹ ògiri ilé ẹbọ. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọwọ́ bá pé lára ògiri ni ọjà yóò kún.

Alágbélókè kì í ṣe ahun, kò sì ya olórí kunkun, àfi lórí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn. Ó gbọ́ ẹbọ, ó rú u. Wọ́n kéde káàkiri. Àwọn ènìyàn gun òkè, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí igi, wọ́n tẹ ọwọ́. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, ògiri ti funfun láti ibi àyà ènìyàn títí dé ibi tí ọwọ́ ẹni gíga lè tó. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ṣófo, ẹnikẹ́ni kò kíyè sí i. Wọ́n da obì. Obì kò yàn. Wọ́n tún un dà, kò yàn.

Awo kẹta, ẹni tí à ń pè ní Ọ̀nà-tó-yí-ká, bojú wo ògiri. Ó ní, "Kábíyèsí, ṣé ọwọ́ pé?"

Ọba ní, "Ó pé."

"Ti Àwẹ̀ró olówùú ńkọ́?"

Ọba tún wo ògiri. Kò rántí Àwẹ̀ró. Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀ o. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa ka àwọn tó bá rí lókè nìkan ni.

Àwẹ̀ró ni ìyá tó ń ran òwú nísàlẹ̀. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò ti gbé e. Pákó kékeré méjì ló ń dì mú lọ́wọ́, òun ló fi ń ti ara rẹ̀ lọ, ó sì ń yára ju ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ẹni òòṣà ni, wọn kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí ẹni tí òwú rẹ̀ dán tó tirẹ̀. Nítorí pé kò lè gun àtẹ̀gùn, ọjà ìlú kan tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ló ń ná. Ibi tí òwú bá lọ ni àwọn ahunṣọ ń tẹ̀lé e. Ibi tí aṣọ bá wà ni àwọn olówó ń lọ. Bí ọjà Agbélókè ṣe ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́ nìyẹn, títí ó fi wá ń tú, tí àwọn ìjòyè sì ń wá àjẹ́ kiri.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, wọ́n ka àwọn ará ìsàlẹ̀ dáadáa, wọ́n rí ènìyàn mẹ́tàdínlógún tí ọwọ́ wọn kò sí lára ògiri. Ọ̀tún ọba, ẹni tí ọgbọ́n kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, wá ní, "Kábíyèsí, èyí kò le. Ọwọ́ ni Ifá bèèrè, kò bèèrè ẹsẹ̀. Kí ẹsẹ̀ wọn dúró nísàlẹ̀, kí ọwọ́ wọn máa bọ̀ lókè."

Ó já ewé kókò tó fẹ̀ bí atẹ, mẹ́tàdínlógún. Ó gbé igbá ẹfun sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí kálukú tẹ ọwọ́ sórí ewé kan, kí òun lọ fi ewé lẹ ògiri. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọ̀tún kó ewé lé àyà, ó kọrí sókè. Kó tó gun ogún àtẹ̀gùn, ẹfun ti ń yí gbirigbiri lórí ewé. Kó tó gun ogójì, ó ti ń kán sí i láṣọ. Ọmọdé Agbélókè pàápàá mọ̀ pé omi kì í dúró lórí ewé kókò, ìjòyè ńlá ló gbàgbé. Nígbà tó dókè, ewé mọ́ tónítóní, agbádá rẹ̀ ló gba ọwọ́ mẹ́tàdínlógún.

Ọba wo ewé, ó wo agbádá. Ojú tì í débi pé kò lè bínú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bá Àwẹ̀ró níwájú ilé, ó ń ran òwú. Ọdẹ́wálé jókòó tì í. Ọdẹ ni Ọdẹ́wálé tẹ́lẹ̀ kí àìsàn tó gba ojú rẹ̀ méjèèjì. Okùn ló wá ń lọ́ tà.

"Ẹ káàbọ̀, Kábíyèsí," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ máa wolẹ̀ o, òwú wà lẹ́sẹ̀ yín."

Ọba jókòó lórí àpótí. "Ìyá Olówùú, ọwọ́ yín ló kù lára ògiri."

"Ọ̀tún gbé e lọ lánàá. Àbí kò délé ni?"

Ọdẹ́wálé bú sẹ́rìn-ín. Ọba náà kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rán géńdé mẹ́rin wá, kí wọ́n gbé yín gòkè."

Àwẹ̀ró gbé ìrànwú sílẹ̀. "Ẹrù là ń gbé, Kábíyèsí. Ká ní wọ́n gbé mi dókè. Bí mo bá fẹ́ ra iyọ̀ ńkọ́, ṣé àwọn náà ló máa gbé mi káàkiri ọjà? Bí mo bá sì fẹ́ máa lọ sílé, ẹni tó gbé mi wá ló máa sọ ìgbà tí màá lọ. Ẹsẹ̀ mi ni kò ṣiṣẹ́, ọkàn mi ń ṣiṣẹ́."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Mo ti gun òkè yẹn rí," ni ó wí. Ọba gbójú sókè. "Kí bàbá yín tó gbẹ́ àtẹ̀gùn, ọ̀nà kan wà lẹ́yìn àpáta tó rọra ń yí òkè ká. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni mo fi ń gùn ún, màá pọn òwú mi sẹ́yìn. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń dé ọjà láàárọ̀. Nígbà tí àtẹ̀gùn parí, bàbá yín mọ odi dí ọ̀nà náà, kí gbogbo àlejò lè gba iwájú wọlé, kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ ò lè mọ̀, ẹ ṣì ń mu ọmú."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí?"

"Ta ni kí n sọ fún? Òkè ni wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọba lára. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹ rántí ibi tó gbà?"

"Ó ti lé lógójì ọdún, mo ti gbàgbé. Ewúrẹ́ kò gbàgbé. Odi yẹn ti lu níbì kan, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ẹ wá ewúrẹ́ tó lóyún, kí ẹ tẹ̀lé e. Aláboyún kì í bá òkè jà, ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà."

Ọba gòkè lọ, ó ròyìn fún àwọn ìjòyè. Ọ̀tún ní, "Ẹ fẹ́ wó odi bàbá yín nítorí ènìyàn mẹ́tàdínlógún?" Ọba dìde. Ó lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn tó wà lókè pátápátá. Orí àtẹ̀gùn yìí ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, tí ó ń dì í lọ́wọ́ mú. Ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀ gan-an. Ó ka àtẹ̀gùn náà títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ó sì rí i pé bàbá òun kò kọ́ òun láti ka ẹni tí kò sí níbẹ̀. Inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ọ̀nà-tó-yí-ká bá a níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ pa ewúrẹ́, kò dùn yín. Ẹ fi ẹyẹlé rúbọ, kò dùn yín. Èyí tó ń dùn yín lónìí, òun gan-an ni ẹbọ."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, ọba bọ́ ẹ̀wù oyè sílẹ̀. Wọ́n tú ewúrẹ́ tó lóyún kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, ọba tẹ̀lé e tòun ti igbá eérú, ó ń da eérú sójú ọ̀nà tí ewúrẹ́ bá gbà. Ewúrẹ́ dúró jẹko, ọba dúró. Ewúrẹ́ dùbúlẹ̀, ọba jókòó. Gbogbo ìlú jáde wá wòran, àwọn ọmọdé ń kọrin pé ọba ń da ewúrẹ́, ewúrẹ́ ń da ọba. Títí ọ̀sán, eérú ti yí òkè ká rekete.

Wọ́n bẹ ọ̀wẹ̀. Ọba ló kọ́kọ́ la ọkọ́ mọ́ odi bàbá rẹ̀. Àwọn kan ń wó odi, àwọn kan ń fi òkúta odi náà di ilẹ̀ tó jin. Wọ́n ń sun iṣu, wọ́n ń gbé epo kiri, iṣẹ́ ń lọ, ẹ̀fẹ̀ ń lọ. Àwẹ̀ró jókòó sójú ọ̀nà lójoojúmọ́, ó ń fi pákó rẹ̀ dán an wò. Bí ibì kan bá ga jù, á ní, "Ẹ tún un ṣe, ibí yìí ń ṣe bí àtẹ̀gùn." Wọ́n á tún un ṣe. Ọdẹ́wálé na okùn mọ́ òpó láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó ta kókó kan síbi tí ọ̀nà bá ti yà, ó ta kókó méjì síbi ìsinmi, kí ẹni tí kò ríran lè mọ ibi tó dé. Ọba fi àáké gé igi ìrókò ẹnu ọ̀nà ilé ẹbọ, ó ní kí wọ́n fi ṣe ìjókòó síbi ìsinmi. Wọn kò fọwọ́ kan àtẹ̀gùn. Ẹni tó bá wù kó máa di èémí mú, àyè wà fún un.

Ọjọ́ tí ọdún kẹta máa pé dé. Ta ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà tuntun? Ọ̀tún ni. Ó ní orúnkún òun ti ń ro òun láti ọdún márùn-ún, ìtìjú ni kò jẹ́ kí òun sọ ọ́. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Àwọn aláboyún tẹ̀lé e, àwọn arúgbó tẹ̀lé wọn, àwọn amọ̀kòkò tí ìkòkò wọn kì í dókè láìfọ́ tẹ̀lé wọn. Ọdẹ́wálé ń fi ọwọ́ tọ okùn, ó ń kí ọ̀nà bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Àwẹ̀ró pọn òwú rẹ̀ sẹ́yìn, pákó rẹ̀ ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Àwọn ahunṣọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń ra aṣọ wà lẹ́yìn ahunṣọ. Kó tó di ọ̀sán, ajá kò rí ibi sùn lọ́jà mọ́.

Àwẹ̀ró wọ ilé ẹbọ, igi kankan kò dá a dúró. Ó ti ọwọ́ bọ ẹfun, ó tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò dé rí. Ó wò ó pẹ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ọba wò ó. Ó ká aṣọ rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, adé lórí, ó tẹ ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Àwẹ̀ró. Nígbà tí ọwọ́ mẹ́tàdínlógún pé, wọ́n da obì. Obì yàn.

Ọjà Agbélókè kún, kò sì tú mọ́. Adé dúró lórí ọba. Ọba dúpẹ́ lọ́wọ́ awo, awo ní Ifá ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, Ifá ní kó má gbàgbé ewúrẹ́. Ọba pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ewúrẹ́ náà. Ìbejì ló bí. Ọba wá ń ké pé:

Mo rú ẹbọ ẹran, ẹbọ kò dà,
Mo rú ẹbọ ẹyẹlé, ẹbọ kò fín,
Mo wó odi tí mo fẹ́ràn, ire wọlé tọ̀ mí.
Ẹni tí a kò kà ni ire wa ń bá rìn,
Ìgbà tí ọ̀nà gbà á ni ire tó délé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ rúbọ, ẹ rú u. Bí ẹ bá rú u tán tí obì kò yàn, ẹ má bá obì jà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri.