Obìnrin tó Sẹ́ Ìlú Rẹ̀ Nítorí Bọ́ọ̀sì

Obìnrin kan wà tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ọsíbítù ló ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, bọ́ọ̀sì ìlú ló sì ń gbé e lọ síbẹ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pa ọjọ́ kankan jẹ, torí bí ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ kan ọkàn, ó parí.

Gbajúmọ̀ olórin kan láti òkè òkun wá ní òun ń bọ̀ wá kọrin ní pápá ìṣeré ìlú náà. Kí a má parọ́, èrè wà níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kún fọ́fọ́, àwọn tó ń ta súyà ò ráyè jókòó, télọ̀ ń rán irú fìlà tí olórin náà ń dé tọ̀sán-tòru. Ta ló máa bínú sí ìyẹn? Àmọ́ ọ̀gá tó ń darí bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ti kọ́ nílé pé àlejò la kọ́kọ́ ń tẹ́ní fún, ló bá ní kí gbogbo bọ́ọ̀sì fi onílé sílẹ̀, kí wọ́n máa kó àlejò láti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ó ní á yé onílé. Onílé wo ló bi léèrè?

Obìnrin yìí dúró ní ibùdókọ̀ tó ti máa ń wọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lófìfo. Òmíràn kọjá, òfìfo náà ni. Takisí àti ọ̀kadà, àlejò ti kó wọn tán. Ó nawọ́ títí apá fi ń ro ó.

Nígbà tó yá, awakọ̀ kan tó mọ̀ ọ́n dúró. Àánú ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti fi ọkùnrin kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀. Ó yọrí lójú fèrèsé, ó rọra sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì, ẹ ṣáà sọ pé àlejò ni yín.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ìlú tí wọ́n ri ibi rẹ̀ mọ́ ni! Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ru òkúta tí wọ́n fi ṣe títì yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ikú kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Nígbà tí ọkùnrin ẹnu ọ̀nà bi í pé níbo ló ti wá, ó dárúkọ ìlú tí kò dé rí. Ni ọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fún un ní ìjókòó, ó tún gbé omi tútù fún un, omi tí dókítà ní kó má mu púpọ̀.

“Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa, mà.”

Ó sunkún títí bọ́ọ̀sì fi já a sílẹ̀ níwájú ọsíbítù.

Akínwándé, ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, o ti ń mi orí láti ìgbà yìí, o ní ìkà ni ọ̀gá bọ́ọ̀sì. O ò parọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé o lawọ́, àlejò kì í fi ebi kúrò nílé rẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú ń dun ìyàwó rẹ, aládùúgbò ló rán sí ọ, kó wá tọrọ owó dókítà bí ẹni pé tara rẹ̀ ni, torí ó mọ̀ pé o kì í dá ará òde padà. O sì fún un. O tún ní kó má wulẹ̀ dúpẹ́. Ojú tí ìyàwó rẹ fi ń wò ọ́ lónìí, orúkọ ẹlòmíì ló fi gba ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ìwọ, òde lo kó gbogbo rẹ̀ dà sí. Dìde, máa lọ sílé. Bi í ní ohun tó ń fẹ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.