Ilà Ìdílé Ehoro

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ehoro, tó máa ń sọ fún gbogbo ẹranko pé etí gígùn ni ilà ìdílé òun.

Lọ́jọ́ kan, ẹranko àlejò kan tó ń jẹ́ Bílíbì ti òkè òkun dé. Etí rẹ̀ gùn ju ti Ehoro lọ. Inú bí Ehoro.

"Ta ló kọ ilà wa fún ọ? Ṣé o lè fò bíi tiwa?"

Bílíbì ní rárá.

"Ṣé o lè sáré bí ìjì?"

Rárá.

"Ṣé orí koríko lo máa ń sùn?"

"Rárá o, ilẹ̀ ni mo máa ń gbẹ́ sùn."

Ehoro pòṣé. "Agbẹ́lẹ̀ kì í ṣe ará ilé wa."

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ọdẹ fi iná sí igbó. Ehoro sáré sọ́tùn-ún, ó bá iná. Ó sáré sósì, iná. Ó yíjú sẹ́yìn, iná. Ni etí rẹ̀ bá gbọ́ orin lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Etí gígùn tó ń sá,
*Wọlé wá.*
Iná ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ,
*Wọlé wá.*
Ilé mi gba etí rẹ,
*Wọlé wá.*

Ehoro bẹ́ sínú ihò. Ẹ̀yin ọmọ, ká ní ihò òkété ni, etí rẹ̀ ì bá kù síta fún iná. Ṣùgbọ́n elétí gígùn ló gbẹ́ eléyìí, ó gba etí méjèèjì tinútinú.

Nígbà tí iná kú, Ehoro àti Bílíbì jáde síta. Ọ̀kẹ́rẹ́ béèrè pé, "Ehoro, ta nìyí?"

Ehoro gbọn eérú kúrò létí. "Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé o ò rí i pé ilà tiẹ̀ gùn ju tèmi lọ ni?"

Bí mo bá purọ́, kí etí tèmi náà gùn dé èjìká.