Ọgbà Àwẹ̀ró Tí Mo Fi Ẹní Bò

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri, ìyá tó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ́ tó dúró nítorí pé àyè kò sí mọ́, gbogbo yín pátá ni mo kí. Èmi ni Ọdẹ́sànmí ọmọ Akínlàbí, ọdẹ Òkè-Àràbà, ìlú tí òkè yí ká bí apá ìyá ti í yí ọmọ ká. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi ro ìṣẹ́, mo ro ìyà, mo sì fún ará Òkè-Àràbà jẹ láti ìgbà tí irun àgbọ̀n mi ti dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ má retí ìtàn akin lẹ́nu mi lónìí. Ìtàn ẹkún ni.

Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé mi. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, onídìrí ni, kò sì sí orí obìnrin kan ní àdúgbò wa tí ìkótí rẹ̀ kò là rí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n la fi jọ gbé, a bí ọmọbìnrin kan, Ìbídùn, ó ti wà nílé ọkọ. Nígbàkúùgbà tí mo bá ti ìrìn-àjò dé, ìbéèrè kan náà ni Àwẹ̀ró máa ń bi mí, pé báwo ni ibẹ̀ ti rí. Èmi a sì dákẹ́, nítorí ní ìdílé wa, ohun tí ojú ọdẹ bá rí nínú igbó, inú ọdẹ ní í gbé. N ó kàn rẹ́rìn-ín, n ó ní kó bá mi gbé omi ìwẹ̀ wá.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, àìsàn dé sí i lẹ́sẹ̀. A fi àgbo wẹ̀ ẹ́, a fi òrí pa á lára, kò gbọ́. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹni tó ń pọn omi lódò ti di ẹni tí à ń gbé dìde, tí à ń gbé jókòó. Orí ibùsùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló ti ń dirun fún àwọn èèyàn, ààtàn àti koríko nìkan ló sì wà lẹ́yìn fèrèsé náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wo ààtàn yìí títí, ó wá yíjú sí mi.

“Bàbá Ìbídùn,” ó ní, “mi ò rìnrìn-àjò rí, mi ò sì ní rìn mọ́. Bí ẹnu yín kò bá lè sọ ohun tí ẹ rí, ṣé ọwọ́ yín náà kò lè sọ ọ́ ni? Ẹ gbìn ín síbí fún mi. Kí ẹ ṣe ìjókòó sí i, kí èmi àti ẹ̀yin jọ máa jókòó níbẹ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fetí sí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa, nítorí èmi kò fetí sí i.

Mo mọ ibi tí mo máa lọ. Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni mo ti pa abo ìmàdò kan létí odò kan nínú igbó jíjìn, òórùn dídùn kan sì tẹ̀lé mi láti ibẹ̀ délé. Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo mú ọkọ́ dípò ìbọn, mo kọrí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta mo dé odò kan tí kì í jẹ́ kí èèyàn kọjá láìkí i. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ẹ kú ìṣàn, ẹ kú ọ̀nà jíjìn. Ó pín sí méjì fún mi, ó sì fún mi ní òṣíbàtà kan láti orí omi rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọ̀kẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ ìṣin lórí igi ní ọdẹ tó bá mú ọkọ́ dípò ìbọn, ọ̀rọ̀ obìnrin ń bẹ nínú ẹ̀, ó sì ju kóró ìṣin méjì sí mi pé kí n gbìn wọ́n fún ibòji. Mo dúpẹ́. Èmi tí mo ti jẹ baba rẹ̀ lọ́bẹ̀, ojú tì mí díẹ̀.

Ní ọjọ́ keje, òórùn ọjọ́sí pàdé mi lọ́nà, mo tẹ̀lé e wọ inú ọgbà kan. Pèrègún ló yí i ká, ẹfinrin wà lẹ́bàá ọ̀nà rẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹni tó bá ń kọjá lè máa kàn án kó máa ta sánsán, adágún omi kékeré wà láàrin, òdòdó funfun kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ sì tẹ orí sí omi náà. Òkúta ìjókòó méjì wà níbẹ̀. Akọ ìmàdò arúgbó kan jókòó lórí ọ̀kan, ó ń fi eyín tú ilẹ̀ ìdí òdòdó. Mo kí i kú iṣẹ́.

“Ọdẹ́sànmí, káàbọ̀,” ó ní. “Má jókòó sórí òkúta yẹn. Ó ní ẹni tó ni ín.”

Mo bi í pé ta ló ni ín. Ó ní ìyàwó òun ni, ìyàwó náà ló sì ni ọgbà. Ó ní lójoojúmọ́ ni ìyàwó náà ń pe òun pé kí àwọn jókòó, òun a sì ní kó jẹ́ kí òdòdó kọ́kọ́ tanná. Ibi tí ìyàwó náà ti lọ bu omi òdòdó létí odò ni ìbọn ti dún. Ó wá wò mí lójú. Kò pariwo, kò bínú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ìyàwó tèmi náà ń ṣàìsàn, pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe wá. Ìmàdò náà hú òdòdó funfun kan tìdí-tìdí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Mo lè pa ọ́,” ó ní, “ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ kò ṣẹ̀ mí. Òdòdó yìí kì í yára tanná. Ọjọ́ tí o bá ti gbé òkúta méjì kalẹ̀, ọjọ́ náà ni kí o gbé ìyàwó rẹ jókòó. Má dúró dè é bí èmi ti ṣe.”

Mo délé, mo sì ṣe ọgbà náà, ẹ̀yin ará, mo ṣe é. Mo kó ààtàn dànù, mo gbin pèrègún, mo to ẹfinrin sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo gbẹ́ adágún, mo gbé òṣíbàtà lé e, mo ri kóró ìṣin méjèèjì mọ́lẹ̀, mo sì gbin òdòdó ìmàdò sétí omi. Ṣùgbọ́n ẹran tí ọdẹ ìdílé wa bá pa, ewé la fi ń bò ó títí a ó fi kun ún tán. Ojú ilé kì í rí i lábọ̀. Ẹran tó tóbi jù láyé mi ni mo ka ọgbà yìí sí, ni mo bá fi ẹní dí fèrèsé Àwẹ̀ró pa, pé ọjọ́ tó bá pé ni yóò rí i.

Láràárọ̀ ni yóò ní kí n gbé òun lọ, láràárọ̀ ni n ó ní ó ku díẹ̀. Mo gbé òkúta méjèèjì kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ìmàdò sì sọ sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n mo ní ìmàdò ni ìmàdò ń jẹ́. Èmi ọdẹ ni, mo mọ bí a ti ń lúgọ de nǹkan, sùúrù sì ni baba ìwà. Òdòdó náà rudi, ó di orí rẹ̀ pinpin. Àwẹ̀ró ń rù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo mọ́.

“Bàbá Ìbídùn, ẹ gbé mi lọ lónìí. Bí kò bá tíì pé, ẹ jẹ́ ká jọ máa wò ó títí yóò fi pé.”

Mo ní, “Ó ku ọ̀la.”

Ilẹ̀ mọ́, òdòdó tanná. Mo sáré wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ibùsùn, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ní ó yá, gùn mí lẹ́yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Nígbà tí mo nawọ́ kàn án, ó ti tutù.

Síbẹ̀ mo gbé e pọ̀n. Mo gbé e jókòó sórí òkúta tirẹ̀, mo jókòó lórí tèmi, mo fi èjìká gbà á dúró, mo sì la ẹnu tí mo ti pa dé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo sọ bí ibẹ̀ ti rí, igbó kan tẹ̀lé òmíràn, odò kan tẹ̀lé òmíràn. Oòrùn ti ga kí àwọn ará ilé tó gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni Ìbídùn tú ẹní fèrèsé, tó sì pè mí. Ní ọ̀gangan ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń gbórí lé, ihò kan wà lára ẹní náà, roboto, kò ju ìdí ìkótí lọ. Ìkótí náà ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo gbé ojú mi síbẹ̀, mo rí ọgbà náà látòkè délẹ̀. Àwẹ̀ró ti ń rí i láti ọjọ́ yìí wá. Kì í ṣe pé kí n fi ọgbà han òun ló ń bẹ̀ mí. Pé kí n wá jókòó ti òun ni.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ẹ̀yin ènìyàn mi, ìgbà ara sì là á búra. Bí ẹnì kan bá ń pè yín nílé pé ẹ wá jókòó, ẹ fi ọkọ́ sílẹ̀ kí ẹ lọ. Ó tó, ẹnu ti rẹ̀ mí. Kí ọ̀nà gba olúkúlùkù délé, kí ẹ bá ẹni tí ẹ fi sílẹ̀ lórí ìjókòó. Ọgbà mi kò ní ìlẹ̀kùn, ẹ lè wá kí mi nígbà tó bá wù yín. Ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ láti tẹ́ ẹní. Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sórí òkúta kejì. Ó ní ẹni tó ni ín.