Òwú Dúdú Itan Káfíńtà

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, òrùlé ló ń kàn. Lọ́jọ́ kan, páànù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó là á nítan bí ọ̀bẹ ṣe ń la iṣu sísè. Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ikú ò bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kó má lè gun òrùlé mọ́, torí ẹsẹ̀ yẹn ni gbogbo ilé rẹ̀ fi ń jẹun.

Dókítà rán an. Òwú tó fi rán ẹran inú, irú tí ara ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni, títí a ò fi ní rí i mọ́. Èyí tó fi pa awọ ìta pọ̀ dúdú, ó yi, ara kì í jẹ ẹ́.

Ó ní, “Ti inú yẹn, fi í sílẹ̀. Ti ìta yìí, bí awọ bá ti lẹ̀ pọ̀, tètè padà wá ká yọ ọ́.”

Awọ lẹ̀ pọ̀. Káfíńtà ò padà lọ. Bó bá ti wo òwú dúdú yẹn, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Lójú tirẹ̀, òwú ló di ẹsẹ̀ mú. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́, orí òrùlé ni ọgbẹ́ á ti ya.

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Adékúnbi, télọ̀ tó kọ́kọ́ fi òwú gbọ̀ọ̀rọ̀ di aṣọ mú, ṣé kì í tú u bó bá rán an tán?”

“Ṣé aṣọ ni mí? Ohun tó gbà mí lo ní kí n yọ sọnù? Àbí arọ lo fẹ́ fi ṣe ọkọ?”



Awọ bẹ̀rẹ̀ sí í hù bo òwú. Itan wú. Ọyún ń jáde lójú ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé e padà, ọ̀bẹ ni dókítà fi wá òwú nínú ojú ọgbẹ́ tó ti jinná. Ọgbẹ́ kejì ju ti páànù lọ. Òwú inú ti lọ ní tirẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó lọ. Káfíńtà ń rìn ṣá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí báyìí, tó ń na ìṣó sókè fún àwọn tó ń gun òrùlé.

Mojírádé, má wo ẹ̀yìn, ìwọ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Nígbà tí ìwọ àti ọkọ rẹ fẹ́ tú ká, ẹ̀gbọ́n rẹ wá, ó pa yín pọ̀. Ó ṣeun. Ẹ ti ń jẹun nínú àwo kan náà, ẹ̀gbọ́n ṣì wà ní pálọ̀ yín, òun ló ń pàṣẹ iye ẹran tí ọkọ rẹ á jẹ. O ní bó bá lọ, ìjà á padà dé. Awọ yín ti lẹ̀ pọ̀, kì í ṣe òwú ló dì yín mú mọ́. Se oúnjẹ fún un, kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o gbé ẹrù rẹ̀ dé ibùdókọ̀ nígbà tó ṣì rọrùn láti fà yọ.

Á ta ọ́ díẹ̀. Ọ̀bẹ ń ta jù bẹ́ẹ̀ lọ.