Àkọ̀ Tí Àsàkẹ́ Rán fún Ọ̀bẹ Ọdẹ́dìran

Ọdẹ ni Ọdẹ́dìran ní ìlú Agbédu, bàbá rẹ̀ ni olúọdẹ tó kú. Kò sí ohun tó wù ú ju kó jókòó sí ipò bàbá rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní Agbédu, ẹni tó bá fẹ́ jẹ olúọdẹ gbọ́dọ̀ fa ọ̀bẹ bàbá rẹ̀ yọ níwájú ojúbọ Ògún lọ́jọ́ ọdún, kí àgbà ọdẹ fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu rẹ̀ wò láti ìdí dé orí. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá ti gé níbì kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n ní ẹni tí kò lè tọ́jú irin kan kò lè tọ́jú ọgbọ̀n ọdẹ.

Àkọ̀ tí bàbá náà fi sílẹ̀ ti jẹrà, òjò ti rin ín gbingbin, ọ̀bẹ sì ti ń fẹ́ dógùn-ún. Àsàkẹ́ ìyàwó Ọdẹ́dìran, ìyá Ọdẹ́níyì ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ oníṣẹ́ awọ, ní òun á rán tuntun. Ó fá irun ara awọ ẹfọ̀n, ó rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi títí ó fi pọ́n. Ó fi òrí pa ọ̀bẹ lára, ó fi aṣọ gbígbẹ wé e, ó fi awọ tútù náà bò ó, ó rán an, ó wá fi okùn dì í pinpin kí awọ lè mú ìrísí ọ̀bẹ. Abẹ́ òrùlé ló gbé e kọ́. Awọ tí oòrùn bá yára mú gbẹ, sísán ló ń sán. Ẹni tó bá ti ba ọ̀kan jẹ́ rí kò ní í bèèrè ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọdẹ́lékè, ọdẹ ẹgbẹ́ Ọdẹ́dìran, yà wá kí i. Ó rí ọ̀bẹ nínú okùn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Háà! Kí ni ọ̀bẹ Bàbá jí tí ìyàwó rẹ fi dè é báyìí? Ta tiẹ̀ ni ọdẹ nínú ẹ̀yin méjèèjì?"

Ọdẹ́dìran kò rẹ́rìn-ín. "Àsàkẹ́, tú u."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ọdẹ́níyì, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí awọ gbẹ. Bí a bá tú u báyìí, á ká bí etí ajá."

"Mo ní kí o tú u!"

"Mi ò tú u."

Ìyá Ọdẹ́dìran ló dá sí i, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. "Àlàó, fi í sílẹ̀. Ṣé ìwọ lo mọ awọ ni, àbí ẹran inú rẹ̀ nìkan lo mọ̀ ọ́n jẹ?"

Ó gbé ìbínú náà mì, ṣùgbọ́n kò dà nínú rẹ̀.

Nígbà tí awọ gbẹ, Àsàkẹ́ yọ ọ̀bẹ. Ó yọ́ ìda oyin, ó ń fi àkọ̀ yá ẹ̀yinná láti òkèèrè, ó ń fi ìda pa á, títí awọ fi mu ún yó. Nígbà tó tutù, ó le bí igi. Bí o bá fi èékánná kàn án, á dún kó, kó. Ó wá fi irin gbígbóná fa ilà mẹ́ta sí i lẹ́nu. Ọ̀la ni ọdún Ògún.

"Àmì ta nìyí?" ni Ọdẹ́dìran bèèrè.

"Tilé wa ni. Ara gbogbo iṣẹ́ bàbá mi ló máa ń wà."

"Ọ̀bẹ bàbá mi wá di ti ilé bàbá rẹ?"

"Bàbá yín ló ni ọ̀bẹ. Èmi ni mo rán àkọ̀."

"Ọdẹ́lékè kúkú sọ ọ́! O ti fẹ́ sọ mí di ìyàwó nínú ilé yìí!"

"Ṣé Ọdẹ́lékè ló fẹ́ yín ni, tó fi jẹ́ pé tirẹ̀ nìkan lẹ ń gbọ́?"

Ojú Ọdẹ́dìran pọ́n. Ó gbé àkọ̀ náà lé orí ọlọ, ó mú ọ̀bẹ. "Màá ba àkọ̀ yìí jẹ́ lójú rẹ, kí n rí ohun tí àmì yín máa ṣe!"

Ó gé e, ọ̀bẹ yọ̀ kúrò lára rẹ̀. Awọ náà le jù. Èyí tún bí i nínú sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀bẹ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Àkọ̀ là sí méjì, ọ̀bẹ bá ọlọ nísàlẹ̀: kẹ̀ǹ! Irin tó tó èékánná fò kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ, ó bọ́ sínú eérú.

Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "Àsàkẹ́, rán òmíràn."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe èyí. Ká tiẹ̀ ní mo rí àkọ̀ rán, ta ló máa bá yín rán ẹnu ọ̀bẹ?"

Lọ́jọ́ kejì, níwájú ojúbọ, Bàbá Ọdẹ́wùmí, àgbà ọdẹ, fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu ọ̀bẹ náà lọ. Àtàǹpàkò dúró lójijì.

"Kí ló gé e?"

"Ìyàwó mi ló mú mi bínú, Bàbá. Àkọ̀ rẹ̀ ni mo ń bà jẹ́."

Ìyá rẹ̀ fò dìde láàárín àwọn obìnrin. "Àkọ̀ ta? Nínú ilé ta ni ọ̀bẹ ń sùn? O fi ọ̀bẹ wó ilé ọ̀bẹ, o ní àkọ̀ ìyàwó lo bà jẹ́! Lọ kó ìtìjú rẹ kúrò lójú mi!"

Bàbá Ọdẹ́wùmí dá ọ̀bẹ padà fún un, kò wo ojú rẹ̀. Ó pe ẹni tó kàn. Ọdẹ́lékè ló kàn. Ó fa ọ̀bẹ bàbá tirẹ̀ yọ, ẹnu rẹ̀ sì pé.

Láti ọjọ́ yẹn, bí àwọn ará Agbédu bá rí ẹni tí ìbínú gùn, tó ń ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣẹ́, tó rò pé ẹlòmíràn lòun ń ṣe, wọn kì í bá a jà mọ́. Wọn á kàn sọ pé: ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.