Òkété àti Ọmọ Rẹ̀ Lọ Ra Kọ̀ǹpútà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ẹ jẹ́ kó dún dáadáa. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹn-hẹ́n. Ààlọ́ mi ta gbọ̀n-ọ́n, ó yí gbirigbiri, ó dá lórí Òkété àti Ayọ̀kúnnú ọmọ rẹ̀ obìnrin, nígbà tí wọ́n lọ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ́jà.

Ní ìlú kan tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé, Òkété ń gbé nínú ihò lẹ́bàá oko ọ̀pẹ. Ẹyìn ló ń ṣà, ẹyìn ló ń tà. Ìwà rẹ̀ dára, àfi ohun kan ṣoṣo: Òkété fẹ́ràn èènì. Bó bá ra iyọ̀, á ní, "Èènì mi ńkọ́?" Bó bá ra ata, á ní, "Èènì mi ńkọ́?" Lọ́jọ́ tí wọ́n bá a yọ eyín tó ń dùn ún, ó tún ní, "Èènì mi ńkọ́?" Díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ ìkejì.

Ayọ̀kúnnú ọmọ rẹ̀ mọ̀wé. Ilé ìwé kan wà lódì kejì odò, wọ́n ní kó máa kọ ẹ̀kọ́ ìwé kíkà fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ibẹ̀. Inú ihò wọn ni yóò jókòó sí, yóò kọ ọ́, yóò fi ránṣẹ́ gba inú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kí oṣù tuntun tó lé. Bí kò bá ní, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún.

Òkété kó gbogbo owó ẹyìn ọdún náà, ó dì í sétí aṣọ. Kò sí owó mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Bí wọ́n bá ṣì í rà, ó parí nìyẹn. Ẹ sì má gbàgbé pé kò sí iná nínú ihò wọn lọ́sàn-án. Ìrọ̀lẹ́ ni iná ń dé, lọ́jọ́ tó bá wù ú.

Ohun kan tún wà. Ní ìlú yìí, ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ ní koro níwájú ọlọ́jà. Bó bá dán an wò, gbogbo ọjà ni yóò sọ pé wọn ò kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n orin ńkọ́? Ta ló ń bá ọmọ jà nítorí pé ó kọrin? Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ègbè yín nìyí: "Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!" Ẹ má jẹ́ kó bọ́ o. Ìwọ Àjàmú, mo ń wò ọ́, o ti ń tòògbé.

Bàbá àti ọmọ dé ọjà. Ìsọ̀ Ọ̀kín ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí.

"Ẹ kú ọjà o," ni Òkété wí.

"Ẹ wọlé, Bàbá, ẹ wọlé!" Ọ̀kín na ìrù rẹ̀ fẹ̀ẹ̀. Ó gbé kọ̀ǹpútà kan síta, ó ń dán yanranyanran. Iná pupa, iná àwọ̀ ewé, iná àwọ̀ aró ń tàn lábẹ́ gbogbo lẹ́tà rẹ̀. "Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ta ayò tó le ló ń ra irú èyí. Ẹ gbé e wò."

Òkété gbé e wò bí ẹni ń gbé iṣu wò lọ́jà. "Hẹ̀n! Ó tẹ̀wọ̀n! Ó mà dára o!"

Ayọ̀kúnnú rọra yọ okùn iná ara rẹ̀. Ọ̀kín ṣì ń ka oríkì ọjà rẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹ̀rọ náà fi ṣe fúú, ó ṣókùnkùn. Ni ọmọ bá wo òkè, ó bá ń kọrin bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣe é:

Bàbá mi, ẹ dúró ná o,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*
Owó kan ṣoṣo la kó wá o,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*
Kò síná nínú ihò wa,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*
Iṣẹ́ mi ń dúró dè mí o,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*

Òkété họ etí. Ó bèèrè iye tí wọ́n ń tà á. Iye tí Ọ̀kín dá lé e tó ra odindi oko ọ̀pẹ. "Ó dáa," ni Òkété wí, "a ń bọ̀." Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí "a ń bọ̀" túmọ̀ sí lẹ́nu oníbàárà. Ọ̀kín náà mọ̀ ọ́n, ó ká ìrù rẹ̀ kò.

Wọ́n dé ìsọ̀ Ọ̀bọ. Ọ̀bọ ń fò láti orí àpótí dé orí àpótí, ó ń kígbe, "Ọ̀pọ̀ ni tèmi! Ẹ wá rà á, kí ẹ gba èènì!"

Etí Òkété nà ṣánṣán. "Kí lo pè é?"

"Èènì ni, Bàbá! Ẹ gba tọ́ọ̀ṣì." Òkété sọ ọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. "Ẹ gba fáànù kékeré." Òkété sọ ọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́ òsì. "Ẹ gba gíláàsì dúdú. Ẹ gba agogo ọwọ́." Ó ń gbà, ó ń kì í bọnu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú rọ̀ǹbọ̀, ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́.

Bí Òkété ṣe ń gba èènì, Ayọ̀kúnnú ń wo ẹ̀rọ. Ó tàn án. Ó pẹ́, ó pẹ́, kó tó là. Ó ń kùn wùùùù. Ìdí rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ lẹ́tà, lẹ́tà kò dáhùn. Ó tẹ òmíràn, ìyẹn jáde lẹ́yìn ìgbà tó ti gbàgbé pé òun tẹ ohunkóhun. Ó yíjú, ó rí i tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti wà nídìí kókó owó. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó kọrin:

Bàbá mi, ẹ dúró ná o,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*
Ṣé fáànù ni n ó fi kọ̀wé?
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*
Ṣé tọ́ọ̀ṣì ni n ó fi kọ́mọ?
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*
Iṣẹ́ mi ń dúró dè mí o,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*

Òkété ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ tún un kọ. Òkété wo ojú ọmọ rẹ̀, ó rí omi níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kúrò nídìí kókó. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu kò gbà á. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tu èènì sílẹ̀: tọ́ọ̀ṣì, pọ̀! Fáànù, pọ̀! Gíláàsì, pọ̀! Agogo, pọ̀! Ó dùn ún dé egungun, mi ò ní parọ́ fún yín.

"Bàbá, mo tún fi bàtà kún un!" ni Ọ̀bọ ké.

Òkété fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó sá jáde.

Ìsọ̀ Ìgbín ni wọ́n bá ara wọn. Kò sí iná àràbarà níbẹ̀, kò sí ariwo. Ìgbín rọra yọ orí síta, ó ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Kí lẹ fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe?"

Bàbá àti ọmọ wo ara wọn. Ẹnikẹ́ni ò tíì bi wọ́n ní ìbéèrè yẹn láti àárọ̀.

"Ìwé ni mo fẹ́ máa fi kọ, sà," ni Ayọ̀kúnnú dáhùn.

"Ṣé iná wà nílé?"

"Kò sí lọ́sàn-án, sà."

Ìgbín gbé ọ̀kan jáde. Ó fúyẹ́, kò tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti bó díẹ̀. "Mi ò ní tàn yín. Tòkunbọ̀ ni, ẹnì kan ti lò ó rí. Mo gbọn eruku inú rẹ̀, mo sì fi bátìrì tuntun sí i. Ẹ gbé e lọ sábẹ́ igi ọ̀hún, kí ẹ lò ó títí n ó fi palẹ̀ mọ́. Bó bá kú, ẹ dá a padà."

"Èènì ń..." Òkété gbé ìyókù mì.

Ayọ̀kúnnú jókòó sábẹ́ igi, ó ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà ń jáde bó ti ń tẹ̀ ẹ́, kò gbóná, kò kùn. Oòrùn kúrò láàárín orí, ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn aláta ń palẹ̀ mọ́, ó ń ṣiṣẹ́. Òkété dìde, ó pa á dé, ó ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́! Inú bàbá dùn, òun gan-an ló kọrin lọ́tẹ̀ yìí:

Ọmọ mi, o ṣé o, o ṣé,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*
Etí mi ti gbọ́rọ̀ rẹ o,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*
Gbé e, ká máa lọ sílé wa,
*Tẹ́tẹ́rẹ́tẹ́, tẹ́!*

Ó ná an o, ẹ má rò pé kò ná an. Ó ná an dáadáa, ó san owó, wọ́n gbé e lọ.

Nígbà tí oṣù tuntun lé, Ayọ̀kúnnú jókòó sẹ́nu ihò. Kò síná rárá lọ́jọ́ náà. Ó kọ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí atẹ́gùn fi gbé ohùn àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wá láti òdì kejì odò, wọ́n jọ ń kà á sókè pé: "Ilé wa wà lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá mi ń ṣa ẹyìn. Mo fẹ́ràn bàbá mi."

Òkété tó ń ṣa ẹyìn lọ́wọ́ dúró. Apẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni wọ́n ń kà yẹn!" Ó bú sẹ́kún ayọ̀ níbẹ̀, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Ààlọ́ mi kọ́ wa pé kí á tó ra nǹkan, kí á kọ́kọ́ bi ara wa léèrè iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe, kí á sì lò ó wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Kí á má jẹ́ kí ohun tó ń dán tàbí ohun tí wọ́n fi kún un gba ojú wa lọ́wọ́ wa. Ó sì kọ́ àwa àgbà pé bí ọmọ bá ń kọrin, kí á dákẹ́, kí á gbọ́ ohun tó ń wí.

Ibi tí ààlọ́ mi sùn sí nìyẹn. Bí mo bá purọ́, kí ikọ́ mú mi lórí àpótí tí mo jókòó lé yìí. Ṣé ẹ gbọ́ ikọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jí Àjàmú, ẹ jẹ́ ká wọlé.